Ẹni Tí Kò Mu Ọtí Náà Ní Ẹ̀dọ̀

Ẹ̀yin ará wa, ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Kánò àti àyíká rẹ̀, àwa ọmọ ìyá márùn-ún tí ẹ mọ̀ ní Sabon Gari dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín tí ẹ dúró tì wá nígbà tí ara ìyá wa kò yá. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ wá, àwọn bàbá wá, àwọn ọ̀dọ́ náà sì fi ọkọ̀ gbé e lọ gbé e bọ̀. A kò ní í fi irú rẹ̀ san án fún yín.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdúpẹ́ nìkan ni ó mú wa kọ ìwé yìí. Àwọn kan ń bèèrè ohun tí ó ṣe ìyá wa gan-an. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ bèèrè, wọ́n ti dá ara wọn lóhùn. Ẹnì kan ní ọtí ni Àlàájà ń mu ní kọ̀rọ̀. Ẹlòmíràn ránṣẹ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé àwọn tí wọ́n jọ ń tajà ni ó fi nǹkan ṣe é. A kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí kan ilé tí ó pọ̀ ju tiwa lọ.

Ní oṣù kejì ọdún 2024, ìyá wa lọ sí ilé ìwòsàn láti yẹ ṣúgà ara rẹ̀ wò gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, nítorí pé ó ti ní àtọ̀gbẹ fún ọdún 9. Inú kò run ún, ojú rẹ̀ kò pọ́n, ibà kò mú un. Àárẹ̀ díẹ̀ ni ó sọ pé òun ní. Dókítà gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì ní kí a lọ fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú aboyún wo ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀rá ni wọ́n bá níbẹ̀. Wọ́n tún fi ẹ̀rọ mìíràn tí ó ń wọn bí ẹ̀dọ̀ ti le tó wò ó, wọ́n sì sọ fún wa pé àpá ti wà lára rẹ̀, ó sì ti dé ipò 3 nínú 4.

Ìyá wa, ẹni ọdún 61, ṣí ìborùn rẹ̀ sẹ́yìn, ó ní, “Dókítà, ọmọ mi, ọtí kò kan ẹnu mi rí láti ọjọ́ tí a ti bí mi. Mo ti lọ sí Mẹ́kà.” Dókítà náà, ọmọ Kánò, fi èdè Hausa dá a lóhùn pẹ̀lẹ́ pé, “Hájíyà, mo gbà yín gbọ́. Àìsàn yìí kì í dúró de ọtí.”

Ẹ jẹ́ kí a sọ bí wọ́n ti là á yé wa. Abẹ́ egungun ìhà ọ̀tún ni ẹ̀dọ̀ wà, ìwọ̀n rẹ̀ lára àgbàlagbà sì tó kílò kan àti ààbọ̀. Òun ni ó ń gba ohun tí a jẹ àti ohun tí a mu, tí ó ń tọ́jú èyí tí ó wúlò, tí ó sì ń pa oró tí ó bá wà nínú rẹ̀. Bí oúnjẹ bá pọ̀ ju èyí tí ara ń lò lọ, pàápàá ohun dídùn, ara a sọ ìyókù di ọ̀rá, ẹ̀dọ̀ a sì gba ìpín tirẹ̀. Bí ọ̀rá náà bá ti ju ìdá 5 nínú 100 lọ, àìsàn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọ̀rá náà a jókòó jẹ́ẹ́. Lára àwọn mìíràn, ẹ̀dọ̀ a wú bí ojú egbò, ibi tí egbò bá sì ti ń jinná ni àpá ti ń yọ. Àpá kò lè ṣe iṣẹ́ ẹ̀dọ̀. Lára àwọn tí ẹ̀dọ̀ wọn ti wú báyìí, ó máa ń gbà tó ọdún 7 kí àpá tó gòkè ní ipò kan. Bí ó bá dé ipò 4, ẹ̀dọ̀ a le, a sì di kókó-kókó. Ìgbà yẹn ni omi lè kún inú, ẹsẹ̀ lè wú, ojú lè pọ́n, ènìyàn sì lè bì ẹ̀jẹ̀. Jẹjẹrẹ náà lè tẹ̀lé e. Títí di ìgbà náà, ẹ̀dọ̀ kì í sábà ké.

Àìsàn yìí kì í ṣe àfọ̀ṣẹ ọjà Kánò. Ní ọdún 1980, Dókítà Jürgen Ludwig àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Mayo ní Amẹ́ríkà kọ ìwé nípa ènìyàn 20 tí ẹ̀dọ̀ wọn dà bí ti ọ̀mùtí, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ọ̀mùtí. Lónìí, ó ju ẹnì kan lọ nínú àgbàlagbà 4 ní gbogbo ayé tí ọ̀rá ti wọ ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 2023, àwọn dókítà yí orúkọ àìsàn náà padà, wọ́n sì yọ ọ̀rọ̀ ọtí kúrò nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti yọ ọ́ kúrò nínú orúkọ, ẹ jẹ́ kí àwa náà yọ ọ́ kúrò lẹ́nu.

A kò wí pé ọtí kò jẹ̀bi o. Ọtí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì burú jù fún ẹni tí ọ̀rá ti wà lẹ́dọ̀ rẹ̀. Kòkòrò hẹpatáítísì B náà ń bà á jẹ́, ìdí nìyẹn tí a fi ń fún ọmọ tuntun ní abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Ẹ̀pà àti àgbàdo tí ó ti bu ń bà á jẹ́ pẹ̀lú, kí àwa tí a ń gbé ní ilẹ̀ ẹ̀pà má gbàgbé. Ọkùnrin kan gbé ìgò mẹ́ta wá fún wa, ó ní àgbo òun yóò fọ ẹ̀dọ̀ ìyá wa mọ́ ní ọjọ́ 21. A dá a padà. Ẹ̀dọ̀ náà ni yóò ru ẹrù ohunkóhun tí ó bá wà nínú ìgò náà, tirẹ̀ sì ti wúwo tó.

Ohun kan tún yà wá lẹ́nu. Ọkàn ni ó ń pa púpọ̀ nínú àwọn tí ó ní ọ̀rá lẹ́dọ̀, kí ẹ̀dọ̀ tó pa wọ́n. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ rẹ̀ ń tọ́jú ẹ̀mí ara rẹ̀ lọ́nà méjì.

Ní ti ìwòsàn, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn oníhóró àkọ́kọ́ fún un ní oṣù kẹta ọdún 2024, wọ́n sì fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ kan ní oṣù kẹjọ ọdún 2025. Owó wọn kì í ṣe ti àwa ọlọ́jà. Èyí tí ó wà ní ìkáwọ́ wa ni kí ara fúyẹ́. Bí ẹni tí ó sanra bá dín ìdá 5 nínú 100 kù nínú ìwọ̀n rẹ̀, ọ̀rá ẹ̀dọ̀ a dín. Bí ó bá dín 7 sí 10, wíwú náà a máa rọ̀, àpá pàápàá lè fà sẹ́yìn lára àwọn kan.

Ìyá wa a máa mu ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò méjì lójúmọ́ nínú oòrùn Kánò. Ó fi í sílẹ̀, omi ni ó ń mu. Ó yọ ṣúgà kúrò nínú tíì àti fúrá. Àmàlà rẹ̀ kéré sí i, ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà pọ̀ sí i, ẹsẹ̀ ni ó sì fi ń lọ sí ìsọ̀ ní òwúrọ̀. Inú rẹ̀ kò dùn sí i ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó bi wá pé, “Ṣé ewúrẹ́ ni ẹ fẹ́ sọ mí dà ni?” Nígbà tí ó rí i pé gbogbo wa ni ó ń jẹ oúnjẹ kan náà, ó rẹ́rìn-ín, ó sì jẹ tirẹ̀. Ó ti ti kílò 94 bọ́ sí 86. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 wọ́n tún un wò: ọ̀rá ti dín, ẹ̀jẹ̀ ti sàn. Àpá ṣì wà ní ipò 3. Kò sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n kò gòkè. Bí ó ti rí nìyẹn, a kò ní bù mọ́ ọn.

Àwa ọmọ náà ṣe àyẹ̀wò. A bá ọ̀rá lẹ́dọ̀ àwa méjì nínú márùn-ún, ẹnì kan sì jẹ́ ẹni ọdún 38 péré. Kò tíì sí àpá. Láti kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Nítorí náà, a bẹ ẹgbẹ́ wa ní ohun mẹ́ta. Èkínní, kí omi àti èso wà lórí tábìlì ní ìpàdé oṣooṣù, kí ó má jẹ́ ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti ẹran díńdín nìkan. Èkejì, kí ẹnikẹ́ni tí ó ní àtọ̀gbẹ, tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí ikùn ńlá, bèèrè ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà. Ó lè fi èsì mẹ́ta láti inú ẹ̀jẹ̀ àti iye ọdún ènìyàn ṣírò bóyá àpá lè ti wà. Ẹ̀kẹta, bí a bá gbọ́ pé ẹ̀dọ̀ ń ṣe ẹnì kan, kí a kí i kí a tó dá a lẹ́jọ́. Ìtìjú ń mú kí aláìsàn sá fún dókítà.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ìyá wa ń múra àtilọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ fún Iléyá tí ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ẹsẹ̀ ara wa ni kí gbogbo wa máa fi wọ ilé, kí wọ́n má ṣe máa gbé wa wọ̀ ọ́. Àṣẹ.

Àwa ọmọ Àlàájà,
Sabon Gari, Kánò.