Àbúrò mi, ẹgbẹ̀sì àti hóró tramadol

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí ti pẹ́ nínú mi. Àbúrò mi fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́, ó kàn ní kí n má dárúkọ òun ni.

Farmakọ́lọ́jì ni iṣẹ́ mi: ìmọ̀ ohun tí oògùn ń ṣe nínú ara, àti ohun tí ara náà ń ṣe sí oògùn. Calavi ni mo ń gbé. Àbúrò mi wà ní Kétu, ó ń gun zémìjàn. Bí àsìkò ìkórè àgbàdo bá dé, á tún máa bá wọn ru àpò sínú ọkọ̀ akẹ́rù. Iṣẹ́ agbára ni. Ẹ̀yìn ń dùn ún, orúnkún ń dùn ún. Lọ́jọ́ kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan fún un ní hóró oògùn, ó ní tó bá gbé e mì, kò ní mọ̀ pé òun ru nǹkan kan. Ọ̀rẹ́ náà kò parọ́. Tramadol ni.

Kí n tó gbọ́, ó ti lé ní ọdún kan. Hóró kan lójúmọ́ ti di márùn-ún. Mo wọkọ̀ lọ sí Kétu pẹ̀lú ìbínú. Mo gba gbogbo èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, mo dà á sí ṣálángá níṣojú ìyá wa. Mo ní, "Ṣe bí ọkùnrin, kí o jáwọ́ níbẹ̀ lónìí!" Ilẹ̀ mọ́, mo padà sí Calavi. Lójú tèmi, mo ti ṣe ojúṣe ẹ̀gbọ́n.

Ní ọjọ́ kẹta, ìyá wa pè mí. Wọ́n ní láti ìgbà tí mo ti lọ, àbúrò mi ò fojú ba oorun. Ó ń yán ṣáá, ikun ń ṣàn nímú rẹ̀, òógùn bò ó, ó ń ya ìgbẹ́ gbuuru, gbogbo eegun rẹ̀ ń ro ó. Wọ́n ní, "Ọmọ yìí fẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́. Àbí wọ́n sà sí i ni?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ojú tì mí. Gbogbo àmì tí ìyá wa ń kà fún mi lórí fóònù, ọdọọdún ni mo ń kọ wọ́n sójú pátákó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Èmi yìí kan náà ni mo já oògùn gbà lọ́wọ́ ọmọ ìyá mi lójijì, láì wá dókítà fún un. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì nìkan ni mo lò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó yẹ kí n ti sọ fún un lọ́jọ́ náà. Ní 1973, Candace Pert àti Solomon Snyder ní Baltimore, ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé ohun kan wà nínú ọpọlọ wa tó dà bí ihò kọ́kọ́rọ́, ibẹ̀ sì ni mọ́fíìnì àti ẹbí rẹ̀ ń wọ̀. Ní 1975, John Hughes àti Hans Kosterlitz ní Aberdeen, ní Scotland, rí i nínú ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀ pé ara fúnra rẹ̀ ń ṣe kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ tó ń ṣí ihò náà. Òun ni ara fi ń mú ìrora rọlẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́ àjèjì ni tramadol. Ilé iṣẹ́ kan ní Jámánì ló ṣe é ní 1962. Nínú ẹ̀dọ̀ wa, apá kan rẹ̀ ń yí padà di ohun tó lágbára ju òun alára lọ. Bí a bá ń lò ó lójoojúmọ́, ọpọlọ á mọ́ ọn lára, kò ní ka hóró kan sí mọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀kan fi ń di márùn-ún. Bí a bá wá já a gbà lójijì, gbogbo ohun tó ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ á fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe àsàsí. Kì í sì í ṣe pé onítọ̀hún kì í ṣe ọkùnrin.

Mo padà sí Kétu. A lọ bá dókítà, ó sì ń dín oògùn náà kù fún un díẹ̀díẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó bi mí pé: "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ẹ̀yin onímọ̀ rí tramadol nínú gbòǹgbò ẹgbẹ̀sì. Tó bá jẹ́ pé egbògi àwọn baba wa ni, kí ló wá burú níbẹ̀?"

Kò purọ́. Ní 2013, Michel De Waard àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé àwọn rí i nínú gbòǹgbò ẹgbẹ̀sì láti àríwá Kamẹrúùnù. Àmọ́ ní 2014, Souvik Kusari àti Michael Spiteller láti Jámánì rí i nínú ilẹ̀ àti omi níbẹ̀, àti nínú gbòǹgbò àwọn igi mìíràn. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ló ń lò ó, tí wọ́n tún ń fún màlúù wọn kó lè ṣiṣẹ́ nínú oòrùn. Màlúù ń tọ̀ ọ́ sílẹ̀, gbòǹgbò ń fà á mu. Ní 2016, wọ́n yẹ kábọ́nù inú tramadol tó wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀ wò: ti ilé iṣẹ́ ni, epo rọ̀bì ni orísun rẹ̀. Ẹgbẹ̀sì kò mọwọ́mẹsẹ̀.

Àbúrò mi dákẹ́. Ó wá ní, "Wọ́n ń fún màlúù kó lè ṣiṣẹ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Kí wá ni ìyàtọ̀ àwa pẹ̀lú màlúù?"

N kò rí èsì fọ̀. Títí dòní, mi ò tíì rí i.

Ó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. Ẹ̀yìn ṣì ń dùn ún, àpò tó ń rù ti dín kù, owó náà sì dín kù. Kò rọrùn. Ẹ̀yin tí ẹ ní irú rẹ̀ nílé, ẹ má ṣe bíi tèmi. Ẹ má já a gbà lójijì, ẹ wá dókítà. Ẹ má jẹ́ kó pa á pọ̀ mọ́ sódábì tàbí oògùn oorun, èémí lè ti ibẹ̀ dúró. Àpọ̀jù rẹ̀ tún lè fa gìrì. Ẹ má sì bú u. Ìrora ló gbé e dé ibẹ̀, kì í ṣe ìwà burúkú.

Bí ẹ bá mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí i. Ọlọ́run á ṣọ́ wa o.