Káàdì Tí Ìyá Mi Lè Kà Fúnra Rẹ̀

Ìyá mi kò mọ̀wé, etí rẹ̀ kò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ inú tẹlifóònù dáadáa mọ́. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú Jos láti máa kọ́ àwọn olùkọ́ ní iṣẹ́ ọwọ́, lẹ́tà ni mo fi ń kí i ní Abẹ́òkúta, ọmọ alájọgbé rẹ̀ kan ni ó sì ń bá a kà á. Ní ìgbà kan tí mo lọ sí ilé, ó sọ fún mi pé, "Ọmọ mi, gbogbo ilé ni í ti gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ kí èmi tó gbọ́ ọ." Kò fi ìbínú sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá mi padà dé Jos.

Mo wá pinnu pé, bí Kérésìmesì bá dé, n óò fi káàdì kan ránṣẹ́ sí i tí kò ní sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lára rẹ̀. Irú èyí kò wọ́pọ̀ lọ́jà. Láti ọdún 1843, tí Henry Cole ti ní kí John Callcott Horsley ya èyí tí a tẹ̀ tà ní ṣílè kọ̀ọ̀kan ní Lọ́ńdọ́nù, ni ọ̀rọ̀ ìkíni ti máa ń wà lára káàdì ọdún. Àgbébọ̀ adìẹ kan ni mo fẹ́ ní tèmi, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń yọjú lẹ́yìn rẹ̀. Mo mọ̀ pé ìyá mi kò ní béèrè ẹni tí adìẹ náà í ṣe.

Ọ̀dùnkún ni mo fi gbẹ́ òǹtẹ̀, nítorí ó pọ̀ púpọ̀ ní agbègbè Jos. Mo la èyí tí ó tóbi sí méjì, mo fi àkísà nu ojú rẹ̀ gbẹ, nítorí pé omi a máa ba tàdáwà jẹ́, mo sì fi abẹ gbẹ́ adìẹ sí i. (Ẹ rántí pé adìẹ tí ó bá kọjú sí ọ̀tún lára ọ̀dùnkún, òsì ni yóò kọjú sí lórí ìwé.) Òròmọdìẹ kan ṣoṣo ni mo gbẹ́ sára ọ̀dùnkún kékeré, òun náà ni n óò sì lò fún gbogbo àwọn ọmọ.

Èmi tí mo pe ara mi ní olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́, àwọn òròmọdìẹ ni mo kọ́kọ́ tẹ̀, mo wá tẹ ìyá wọn lé wọn lórí. Ojú wọn àti ẹsẹ̀ wọn ń hàn láti inú ikùn rẹ̀, bí ẹni pé ó gbé wọn mì. Tàdáwà kì í bo tàdáwà. Káàdì mẹ́ta ni mo bàjẹ́ báyìí kí n tó gba ara mi níyànjú. Ohun tí yóò wà níwájú ni a ń kọ́kọ́ tẹ̀. Bí adìẹ bá ti gbẹ lórí káàdì, a ó tẹ òǹtẹ̀ rẹ̀ sórí ìwé mìíràn, a ó gé e jáde, a ó sì fi bo ti orí káàdì déédéé. Ìbòjú ni mo ń pè é. Lẹ́yìn èyí ni a ó tẹ òròmọdìẹ sí etí rẹ̀, kí apá kan òǹtẹ̀ bọ́ sórí ìbòjú, kí apá kejì bọ́ sórí káàdì. Bí a bá ṣí ìbòjú kúrò, ọmọ yóò dà bí èyí tí ó dúró lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ó kọ́ ọmọdé ní iṣẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kí ìwé ìbòjú fẹ́lẹ́. Ìwé líle a máa gbé òǹtẹ̀ sókè, àlàfo funfun kan a sì wà láàrin ìyá àti ọmọ.

Níbi tí mo ti ń gé ìbòjú yìí ni mo ti rántí ìyá mi lẹ́nu iṣẹ́. Aládìrẹ ni. A máa fi láfún àti álọ́ọ̀mù se ẹ̀kọ, a fi ìyẹ́ adìẹ ya iṣẹ́ sára aṣọ funfun, a sì rì í sínú aró léraléra. Àwa ọmọ ni í bá a ha ẹ̀kọ náà kúrò, ibi tí ẹ̀kọ bò kò sì ní dúdú bí ìyókù. Àwọn mìíràn a máa fi páànù tí a dá ihò sí tẹ ẹ̀kọ tiwọn, ṣùgbọ́n ìyá mi kò ka ìyẹn sí iṣẹ́.

Wàyí o, òròmọdìẹ mélòó ni kí n tẹ̀? Àwọn àgbà ní a kì í ka ọmọ fún òbí, ohun tí mo sì fẹ́ ṣe gan-an nìyẹn. Márùn-ún ni ìyá mi bí. Mẹ́rin ni ó kù. Àbúrò mi obìnrin, èyí tí ó tẹ̀ lé mi, kú ní ọmọ ọdún 11, láti ọjọ́ náà a kì í dárúkọ rẹ̀ nínú ilé wa. Bí mo bá tẹ mẹ́rin, ìyá mi lè rò pé mo ti gbàgbé. Bí mo bá tẹ márùn-ún, n óò tún gbé ọ̀fọ̀ wọlé fún un ní ọjọ́ ọdún. Ọjọ́ méjì ni mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, títí ọ̀dùnkún mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkì.

Nígbẹ̀yìn, mo tẹ mẹ́ta sẹ́yìn ìyá wọn, mo tẹ ọ̀kan sí ìkángun káàdì níbi tí ó dá dúró sí, èyíinì ni èmi ará Jos. Mo tún fi òǹtẹ̀ kan tàdáwà lẹ́ẹ̀kan sí i, mo tẹ ìkarùn-ún sí àárín ìbòjú gan-an. Kò sí ohun tí ó kan káàdì. Ẹni yòówù tí ó bá wò ó, mẹ́rin ni yóò rí.

Ó yẹ kí n sọ ìbòjú náà nù. Mo ti rún un sọ́wọ́, mo tún tẹ́ ẹ, mo sì fi í sínú àpò lẹ́tà pẹ̀lú káàdì. N kò lè sọ pé mo mọ ìdí rẹ̀ nígbà náà.

Àbíkẹ́yìn wa wà nílé nígbà tí ó dé, òun ni ó sì ròyìn fún mi. Ìyá wa sọ fún ọmọ alájọgbé pé kò sí iṣẹ́ fún un lónìí. Ó wo káàdì náà pẹ́, ó fi ìka kan èyí tí ó dá dúró, ó pe orúkọ mi, ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ó mú ìbòjú. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ: ó gbé e lé adìẹ náà, etí sí etí, ó ṣí i, ó tún gbé e lé e. Àbúrò mi rò pé ìwé tí mo fi dánra wò ni, ó ní kí ó mú un wá kí òun sọ ọ́ nù.

Ìyá wa ní, "Fi í sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ nìyẹn."

Ó sì pe orúkọ rẹ̀. Àbúrò mi, tí ó wà ní ọmọ ọwọ́ nígbà tí ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀, kò tíì gbọ́ ọ láti ẹnu rẹ̀ rí.