Àwọ̀ Tí Ojú Aláró Ṣì Ń Rí

Nígbà tí èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi fẹnu kò pé kí ìyá wa kúrò ní Abẹ́òkúta, kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ mi ní Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti oògùn kọ́ ni a kọ́kọ́ jíròrò lé lórí. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ògiri ni. Màmá ti pé ọmọ ọdún 76, ìríran wọn sì ti di bàìbàì. Láàrin ọdún kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹsẹ̀ wọn yẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé ara wọn, ilé tí wọ́n ti gbé fún ogójì ọdún. Bí ilé tí wọ́n mọ̀ bí ẹní mowó bá lè dà wọ́n báyìí, báwo ni ti ilé àjèjì yóò ti rí?

Ohun kan tún wà tó wúwo ju èyí lọ. Aláró ni ìyá mi. Owó àdìrẹ ni wọ́n fi rán àwa ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níwèé. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ yẹ àwọ̀ wò lójú oòrùn ni wọ́n. Ní báyìí, bí wọ́n bá mú aṣọ aláró tó ṣú àti aṣọ dúdú kirikiri lọ́wọ́, wọn kò lè fi ojú yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́. Ńṣe ni wọ́n máa ń gbé e sí imú, kí òórùn aró lè sọ èyí tó jẹ́ fún wọn. Wọn kò ráhùn sí ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ ó hàn sí wa pé wọn kò fẹ́ kí a máa fà wọ́n lọ́wọ́ lọ sí balùwẹ̀ bí ọmọdé. Ìdí nìyí tí a fi dáwó jọ, tí a sì wá oníṣẹ́ ọ̀ṣọ́ ilé.

Lójú ọ̀pọ̀ nínú wa, olówó nìkan ló ń lo irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju kí ó ra àga aláwọ̀ wúrà àti iná tó ń rọ̀ dirodiro láti àjà lọ. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni èyí tí a gbà, kò sì mú ohunkóhun wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ju ìwé ìkọ̀wé kan lọ. Ìbéèrè ló bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí. "Àǹtí, ta ló ń kọ́kọ́ jí nílé yìí? Wákàtí mélòó ni iná ìjọba máa ń wà lójúmọ́? Ta ni yóò máa nu ilẹ̀? Ṣé omi máa ń tó láti fi nù ún?" Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wá ní ọjọ́ kan náà: ní aago méje àárọ̀, ní ọ̀sán gangan, àti ní aago mẹ́jọ alẹ́. Ó ní fèrèsé yàrá tí a yà sọ́tọ̀ fún Màmá kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, àti pé ògiri tó bá ń tura lójú láàárọ̀ lè máa gún ojú nírọ̀lẹ́.

Nígbà tí Màmá wá kí wa ní ìparí ọ̀sẹ̀ kan, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n rìn láti orí ibùsùn dé balùwẹ̀ bó ṣe wù wọ́n. Ó tẹ̀ lé wọn, ó sì ń fi ẹfun sàmì sí gbogbo ibi tí ọwọ́ wọn bá ti kan ògiri. Àwọn àmì wọ̀nyẹn ló di àwòrán iṣẹ́ wa. Ibi tí ọwọ́ ń kàn ni yóò kọ́kọ́ dọ̀tí, nítorí náà ọ̀dà tó ṣeé fọ̀ ni a ó kùn síbẹ̀. Ibi tí ọwọ́ sì ti ń wá ohun tí yóò dì mú ni igi ìdìmú gbọ́dọ̀ wà.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló kọ́kọ́ dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ilé àtijọ́ ni ilé wa ní Bódìjà, tẹrásò sì ni ilẹ̀ rẹ̀: wóro òkúta mábù tí wọ́n pò mọ́ sìmẹ́ńtì, tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ lọ̀ títí ó fi jọ̀lọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà lókè òkun, tí owó tirẹ̀ pọ̀ jù nínú èyí tí a dá, fẹ́ kí a fi táìlì tó ń kọ mọ̀nà bí dígí bo gbogbo rẹ̀. Ìfẹ́ ló ń bá a sọ̀rọ̀. Ó fẹ́ kí ìyá wa gbé ibi tó rẹwà. Oníṣẹ́ wa fi sùúrù ṣàlàyé fún un lórí fóònù pé bí omi díẹ̀ bá kán sórí irú táìlì bẹ́ẹ̀, yíyọ̀ ló kù. Yàtọ̀ sí èyí, ìmọ́lẹ̀ tó bá bà lé ilẹ̀ tó ń dán máa ń ta padà sójú. Ojú àgbàlagbà kì í lè fara da irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ gbígbẹ á máa dà bí èyí tó tutù, èyí tó tutù á sì dà bí gbígbẹ. Ó ní kí a jẹ́ kí tẹrásò wà, kí a dí ibi tó sán, kí a sì tún un lọ̀ láì sọ ọ́ di dígí. Táìlì kéékèèké tí ara rẹ̀ ha díẹ̀ ni kí a fi sí balùwẹ̀ nìkan, nítorí bí ojú ìsopọ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni ẹsẹ̀ ṣe ń rí ibi dì mọ́ tó.

Ilẹ̀ lè rẹwà láì dán, àwọn baba ńlá wa sì mọ èyí tipẹ́tipẹ́. Ní Ilé-Ifẹ̀, láàrin ọ̀rúndún 11 sí ìkẹẹ̀dógún, wọ́n ń to àpáàdì ní ìdúró sínú ilẹ̀ àgbàlá, ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọ́n a sì fi òkúta funfun wẹ́wẹ́ ṣe ọnà sí i láàrin. Ẹsẹ̀ ń rí ibi tẹ̀, ojú sì ń rí ohun wò. Ṣùgbọ́n Màmá ló fòpin sí àríyànjiyàn náà nígbà tí wọ́n gba fóònù. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹni tó bá fẹ́ wo ojú ara rẹ̀, kó ra dígí. Èmi, mo fẹ́ rìn." Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, ó sì gbà.

Lẹ́yìn ilẹ̀ ni ó kan ògiri. Ní ìsàlẹ̀ ògiri yàrá náà, ọ̀dà ń bó bí awọ ejò. Akunlé ní òun yóò kun ọ̀dà méjì lé e lórí, tí kò ní hàn mọ́. Oníṣẹ́ wa kọ̀ jálẹ̀. Ó ní omi inú ilẹ̀ ló ń gun ògiri náà bí epo ṣe ń gun òwú àtùpà, nítorí pé kò sí ohun tó dènà rẹ̀ láàrin ìpìlẹ̀ àti búlọ́ọ̀kù. Ọ̀dà kò lè dá omi dúró; yóò kàn fi í pa mọ́ fún oṣù díẹ̀ ni. Bíríkìlà ha sìmẹ́ńtì àtijọ́ náà kúrò títí dé ìwọ̀n mítà kan sókè, ó fi sìmẹ́ńtì tuntun tí wọ́n po oògùn adènà-omi mọ́ rẹ́ ẹ, a sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ 28 kí ó lè gbẹ dáadáa kí ọ̀dà tó kàn án. Ìdúró yẹn nira, nítorí pé ó sún ọjọ́ tí Màmá yóò kó wá síwájú, ojoojúmọ́ ni ọkàn mi sì ń fò sí àtẹ̀gùn Abẹ́òkúta.

Kí wọ́n tó fá ọ̀dà àtijọ́ kúrò lára ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ó ní kí a kó àwọn ọmọ mi jáde, kí wọ́n sì fi omi rin ín kí wọ́n má baà fá a ní gbígbẹ. Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà ayé àtijọ́, eruku òjé sì máa ń ṣe ìpalára fún ọpọlọ ọmọdé.

Ìgbà tí gbogbo èyí parí ló tó kó àwọn ìwé pélébé-pélébé aláwọ̀ jáde. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo àwọ̀ náà ń jẹ́. Màmá kó wọn lọ sójú oòrùn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ wọ́n ní orúkọ tiwọn: "Èyí jọ sányán. Èyí jọ eérú. Èyí jọ omi ògì. Èyí jọ osùn tó ti pẹ́ nínú igbá."

Mo ti gbọ́ kí àwọn ènìyàn máa sọ pé èdè wa kò ní àwọ̀ tó, pé funfun, pupa àti dúdú nìkan ló ní. Òótọ́ ni pé ìdílé mẹ́ta ni a pín wọn sí: aró, ewé àti èédú wà lábẹ́ dúdú, epo, osùn àti ìyeyè wà lábẹ́ pupa. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó ti aláró yóò mọ̀ pé ọmọ pọ̀ nínú ìdílé kọ̀ọ̀kan. Aṣọ tí wọ́n rì bọnú aró máa ń rí bí ewé bó ṣe ń jáde; afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró lójú ẹni. Bí wọ́n bá rì í lẹ́ẹ̀kan, àwọ̀ rẹ̀ a máa fúyẹ́ bí ojú ọ̀run ni, òféèfé ni wọ́n ń pè é. Bí wọ́n bá ń rì í, tí wọ́n ń sá a, tí wọ́n tún ń rì í, yóò máa ṣú sí i títí yóò fi dé ẹtù, àwọ̀ tí a fi wé ìyẹ́ ẹyẹ ẹtù.

Ọ̀dọ́mọbìnrin náà wá ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ojú Màmá. Bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ sókè, ohun tó dà bí awò nínú ẹyinjú máa ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ bí ìwé àtijọ́. Pípọ́n yẹn ló ń dí àwọ̀ aró lọ́wọ́ láti wọlé, tí aró, ewé àti dúdú fi ń dà pọ̀ mọ́ra. Ohun tó máa ń ṣẹ́ kù ni ìyàtọ̀ láàrin ohun tó mọ́lẹ̀ àti ohun tó ṣókùnkùn. Nítorí náà, kì í ṣe àwọ̀ kan ni kí a wá, bí kò ṣe àwọ̀ méjì tí wọ́n bá dúró ti ara wọn, tí ojú á mọ ibi tí ọ̀kan parí sí.

Màmá mi gbé orí sókè. "Iṣẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ lo ń sọ yẹn, ọmọ mi. Ibi tí ẹ̀kọ kò bá ti dènà aró, ọnà ò lè hàn." Ọ̀dọ́mọbìnrin náà dákẹ́ díẹ̀, ó sì kó gbogbo ìwé náà lé wọn lọ́wọ́. Ó ní, "Màmá, ẹ bá wa yàn án."

Báyìí ni ìyá mi ṣe yan àwọ̀ ilé tí wọ́n ń bọ̀ wá gbé. Ògiri di funfun omi ògì, kì í ṣe funfun báláú tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ yóò máa tanná lára rẹ̀. Gbogbo ilẹ̀kùn àti férémù wọn di àwọ̀ ẹtù, kí ẹnu ọ̀nà lè hàn láti òkèèrè. Ibi tí a ti ń tan iná náà gba àwọ̀ ṣíṣókùnkùn yíká. Ilẹ̀ balùwẹ̀ di àwọ̀ osùn, ògiri rẹ̀ funfun, ìdérí ilé ìgbẹ́ sì dúdú. A fi ìlà dúdú tó ha díẹ̀ sí etí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan, a sì fi aṣọ àlàárì tẹ́ ibùsùn kí etí rẹ̀ lè fara hàn. Igi ìrókò ni a fi ṣe ìdìmú, nítorí pé ikán kì í fẹ́ràn rẹ̀. Àjà di funfun kí ó lè da ìmọ́lẹ̀ padà sílẹ̀, a sì fi gílóòbù kékeré méjì tó ń lo iná oòrùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ dípò ńlá kan tó ń tani lójú.

Ibì kan ṣoṣo ni wọn kò ti fohùn ṣọ̀kan. Oníṣẹ́ wa fẹ́ kí a fi dígí dé àdìrẹ àtijọ́ kan tí Màmá ṣe, kí a sì gbé e kọ́ sí iwájú fèrèsé. Màmá ní oòrùn á jẹ aró tán lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ aláró ló borí. Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí oòrùn kì í dé, ni ó wà títí di òní.

Ó ti ju oṣù mẹ́fà lọ báyìí. Ọ̀dà kì í wo ojú sàn: Màmá ṣì ń gbé aṣọ sí imú kí wọ́n tó mọ èyí tó jẹ́ aró, a sì ṣì ń lọ rí dókítà ojú. Ṣùgbọ́n ní òru, mo máa ń gbọ́ ìró sálúbàtà wọn láti yàrá dé balùwẹ̀, àlọ àti àbọ̀, láì pe ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́lé, tàbí tí ẹ háyà yàrá kan péré, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí omi ti ń wọlé kí ẹ tó ra ọ̀dà. Ẹ kun àwọ̀ tí ẹ fẹ́ sí ibi tó fẹ̀ tó ìwé ìròyìn lára ògiri, kí ẹ wò ó láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Ẹ béèrè ẹni tí yóò máa fọ̀ ọ́. Bí oníṣẹ́ bá sì bi yín léèrè irú àwọ̀ tí ẹ fẹ́, ẹ fi ohun tí ẹ mọ̀ dá a lóhùn, ìbáà ṣe obì, ìbáà ṣe eérú. Ẹ sọ fún un pé kí ó wá nígbà tí oòrùn bá wọ inú ilé, kí ó tún wá nígbà tí iná bá lọ. Èyí tó bá kọ̀ láti wá lẹ́ẹ̀mejì, ẹ jẹ́ kí ó máa lọ.