Kọ́kọ́rọ́ Tó Kù Lókè Òkun

Ọ̀pọ̀ mọ́tò tokunbo tó ń gba Kùtọnu tàbí Àpápá wọlé, kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń fi lé ẹni tó rà á lọ́wọ́. A kì í sì í béèrè. Ẹ́ńjìnnì la máa ń tẹ́tí sí, jíà la máa ń dán wò, AC la máa ń gbọ́wọ́ sí lẹ́nu bóyá ó tutù. "Kọ́kọ́rọ́ kejì ńkọ́?" kì í wá síni lẹ́nu, àfi ọjọ́ tí èyí tó wà lọ́wọ́ bá yarí.

Odógunyàn ni tèmi ti yarí, nínú Industrial Estate Ìkòròdú, níbi tí tírélà tó ń bọ̀ láti ọ̀nà Ṣágámù kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Sítátà ń yí. Ẹ́ńjìnnì á gbà, á dún díẹ̀, á kú. Iná pupa kékeré kan sì ń ṣẹ́jú lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Rìwáyà tó kọ́kọ́ dé ní pọ́ǹpù epo ló bàjẹ́. Mo ní kó wo iná yẹn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fìyẹn sílẹ̀, kò kan ọ̀rọ̀ yìí." Ó kàn án o. Immobilizer ló ń ṣẹ́jú.

Bí ẹ bá mọ bí sìkọ́ríítì ṣe ń ṣe ní géètì àwọn iléeṣẹ́ tó wà níbẹ̀, ẹ ti mọ iṣẹ́ immobilizer. Ẹ̀ báà ti lo ogún ọdún nínú iléeṣẹ́ náà, bí káàdì ò bá sí lọ́wọ́ yín, ìta lẹ máa dúró sí. Káàdì ibí yìí ni chip tó wà nínú orí kọ́kọ́rọ́. Òrùka wáyà kan yí ihò kọ́kọ́rọ́ po. Bí a bá ti yí kọ́kọ́rọ́, òrùka yẹn á ta agbára díẹ̀ sí chip láìfara kàn án, chip á sì dá nọ́ńbà tirẹ̀ padà. Ó di ọwọ́ ọpọlọ mọ́tò, tí àwọn rìwáyà ń pè ní brain box, láti wò ó bóyá nọ́ńbà yẹn wà lára àwọn tó ti kọ sílẹ̀. Bí kò bá sí, á gé epo tàbí iná. Ìdí nìyẹn tí bátìrì rímóòtù fi lè kú pátápátá tí mọ́tò á ṣì ṣáná: bọ́tìnnì tó ń tilẹ̀kùn ló ń jẹ bátìrì, chip kì í jẹ ẹ́.

Àwọn òyìnbó ò fi immobilizer ṣe ọ̀ṣọ́. Àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò ní Jámánì ti ń béèrè fún un láti 1995. Nígbà tó fi di oṣù kẹwàá 1998, òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo mọ́tò kéékèèké tuntun. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Jan van Ours àti Ben Vollaard, ṣírò rẹ̀ fún Netherlands pé ó dín olè mọ́tò kù ní nǹkan bí ìdá 40 nínú 100. Amẹ́ríkà ò ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ Kia àti Hyundai tí wọ́n tà níbẹ̀ láàárín 2011 sí 2021 kò ní in, títí àwọn ọmọ TikTok fi sọ jíjí wọn di eré. Àtibí àtọ̀hún ni tokunbo wa ti ń wá, kálukú pẹ̀lú tirẹ̀.

Rìwáyà mi ní kí a kúkú báìpáàsì rẹ̀, kí a gbàgbé ọ̀rọ̀ chip. Mo mọ ìdí tí àwọn kan fi ń gbà: owó ni. Òótọ́ sì ni pé ẹni tí wọ́n bá yọ ìbọn sí, kọ́kọ́rọ́ gan-an ló máa kó fún wọn, immobilizer ò ní gbà á. Síbẹ̀, olè tó ń yọ́ kẹ́lẹ́ náà wà, n kò sì ní san owó kí n fi lànà fún un.

Mo ránṣẹ́ pe ọmọkùnrin kan tó ń ṣètò kọ́kọ́rọ́. Ó sọ̀kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwà pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn. Ó tú kọ́kọ́rọ́ mi, nǹkan dúdú pẹlẹbẹ kan bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ti là níbi kan. Ó gbé e sórí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ò rí nǹkan kan kà. Ká ní kọ́kọ́rọ́ mìíràn wà nílẹ̀ ni, òun ni ì bá ṣe onídùúró fún tuntun. Nígbà tí kò sí, ó di kí ó ki wáyà tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bọ abẹ́ sítíárì. Ó kọ́kọ́ ní kí a fi bátìrì bọ́ọ̀sì kan ti tèmi lẹ́yìn, torí bí iná bá lọ sílẹ̀ láàárín iṣẹ́, brain box fúnra rẹ̀ lè bá a lọ. Lẹ́yìn náà, ìdúró. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota àtijọ́, ìṣẹ́jú 16 ni, kó lè sú ẹni tó ń kánjú.

Àmọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ ló ti yí ojú tábúlẹ́ẹ̀tì sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, kọ́kọ́rọ́ méjì ló wà nínú mọ́tò yín."

Ìkan ló wà lọ́wọ́ mi, òun náà sì ti kú. Èkejì wà ní Amẹ́ríkà, nínú dúrọ́ọ̀ ẹnì kan tí kò rántí pé òun ní in mọ́. Mọ́tò tí mo fowó mi rà, tí mò ń sọ epo sí lójoojúmọ́, kò dá mi mọ̀. Ẹni tó tà á nù ló mọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju owó tí mo fẹ́ san lọ. Mo ní kó pa gbogbo orúkọ àtijọ́ rẹ́, kó kọ méjì tuntun.

Ó ṣe é. Bọ́tìnnì ló ṣe kẹ́yìn, torí ètò tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti chip. Mo wá ronú sí i: ẹni tó lè kọ méjì lè kọ mẹ́ta. Mo ní kó ṣí ojú ìwé tó fi iye kọ́kọ́rọ́ hàn yẹn padà kí n tó sanwó.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò fọkàn tán mi ni?"

Mo ní mo fọkàn tán an, kó ṣáà ṣí i. Méjì ló wà níbẹ̀. Mo sanwó.