Lẹ́tà Mélòó Ló Wà Nínú "Ọ̀rọ̀"?

Bí olùkọ́ bá bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè iye lẹ́tà tó wà nínú "ọ̀rọ̀", kíá ni yóò dáhùn pé 3 ni: ọ, r, ọ. Àmì ohùn kì í ṣe lẹ́tà. Orí lẹ́tà ló ń jókòó lé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé ìbéèrè kan náà síwájú àwọn èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ìdáhùn wọn kò ní ṣọ̀kan. Swift yóò ní 3, Python lè ní 5 tàbí 7, Go yóò sì ní 11.

Kí ló fa èyí? Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà. Nọ́ńbà ló mọ̀. ASCII, ìlànà tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1963, ní àyè fún àmì 128 péré, kò sì sí ẹ, ọ tàbí ṣ nínú wọn. Ní 1991 ni Unicode jáde, láti wá nọ́ńbà fún lẹ́tà gbogbo èdè ayé. Lẹ́tà ọ rí nọ́ńbà tirẹ̀ gbà, U+1ECD. Ṣùgbọ́n ọ̀ olóhùn ìsàlẹ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Wọ́n lè kọ ọ, kí wọ́n sì fi àmì ohùn tẹ̀lé e. Wọ́n sì lè kọ o lásán, kí àmì abẹ́ rẹ̀ tẹ̀lé e, kí àmì ohùn tó dé. Ojú ènìyàn kò lè dá méjèèjì mọ̀ yàtọ̀.

Python 3, tó jáde ní 2008, ń ka nọ́ńbà Unicode: 5 ní ọ̀nà àkọ́kọ́, 7 ní ọ̀nà kejì. Go ń ka báìtì, ẹyọ tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú nǹkan pa mọ́. Swift, tó jáde ní 2014, ló ń ka ohun tí ojú rí.

Èyí kì í ṣe eré òǹkà lásán. Bí olùkọ́ kan bá fi ọ̀nà àkọ́kọ́ tẹ orúkọ ọmọ sínú àkọsílẹ̀, tí ẹlòmíràn sì fi ọ̀nà kejì wá a, Python yóò ní orúkọ méjèèjì kò dọ́gba. Ọmọ wà ní kíláàsì, kọ̀ǹpútà ní kò sí. Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà ní orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni.

Àwọn kan torí èyí pa àmì tì pátápátá. Ṣùgbọ́n nígbà náà, ọkọ ìyàwó, ọkọ́ àgbẹ̀, ọkọ̀ ojú pópó àti ọ̀kọ̀ jagunjagun yóò di "oko" kan náà, wọn yóò sì bá oko tí à ń ro dàpọ̀.

Oògùn rẹ̀ kò ṣòro. Unicode fúnra rẹ̀ ní òfin tó ń sọ ọ̀nà méjèèjì di ọ̀kan. "Normalize" ni orúkọ iṣẹ́ náà nínú Python àti JavaScript; ìlà kan péré ni kíkọ rẹ̀. Swift kò tilẹ̀ dúró de ìyẹn kó tó gbà pé wọ́n dọ́gba.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé èdè Yorùbá ló ṣòro fún kọ̀ǹpútà. Ìlà kan ni ẹni tó kọ ètò náà gbàgbé láti kọ.