Gbólóhùn Kan Lórí Asọ̀rọ̀mágbèsì

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, nígbà tí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì ìjọba ń wọ oṣù keje lọ, ni wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì ìpolongo yunifásítì aládàáni kan ní ilẹ̀ Yorùbá. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì. Yàtọ̀ sí oyè àkọ́kọ́ àti díplómà ìmọ̀ ìkọ́ni tí mo gbà lé e, n kò ní ohun mìíràn tí mo lè fi yangàn. Ewì tí àwọn ọmọ kíláàsì mi ké níbi ayẹyẹ kan ni òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kan gbọ́, tí ó fi béèrè ẹni tí ó kọ́ wọn.

Kò ṣòro láti mọ ìdí tí wọ́n fi nílò mi. Láti ọdún 1999 tí ìjọba àpapọ̀ ti fọwọ́ sí àwọn yunifásítì aládàáni àkọ́kọ́ ni iye wọn ti ń pọ̀ sí i, olúkúlùkù wọn ni ó sì ń wá akẹ́kọ̀ọ́. Ní ọdún tí mo ń wí yìí, àwọn ọmọ tí ìyanṣẹ́lódì sé mọ́lé ń jókòó kalẹ̀, àwọn òbí sì ń ṣírò owó lóru. Ọ̀gá ọ́fíìsì náà, obìnrin kan tí kò tíì pé ọmọ ogójì ọdún, ṣàlàyé fún mi pé àwọn bàbá ni ó máa ń ka ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n àwọn ìyá ọlọ́jà ni ó ń san owó. "Àwọn ìyá wọ̀nyí ni a fẹ́ bá sọ̀rọ̀, Tíṣà," ni ó wí. Ìwé àlẹ̀mógiri, ìwé ìléwọ́, àti ìpolówó ìṣẹ́jú kan lórí asọ̀rọ̀mágbèsì ni iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi.

Ìjà àmì ohùn ni a kọ́kọ́ jà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń ya àwòrán lórí kọ̀ǹpútà sọ pé àwọn àmì mi ń ba ẹwà iṣẹ́ òun jẹ́. Kì í sì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀ pátápátá. Ẹ àti ọ lásán ní ààyè tiwọn nínú ètò lẹ́tà kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n bí a bá fi àmì ohùn lé wọn lórí, lẹ́tà kan àti àmì kan tí a tò pọ̀ ni wọ́n ń dà. Bí irú lẹ́tà tí ayàwòrán yàn kò bá sì mọ bí a ti ń tò wọ́n, àmì náà á fò kúrò ní ipò rẹ̀, tàbí kí àpótí òfìfo kan jókòó síbẹ̀. Bí ó ti yọ gbogbo wọn kúrò nìyẹn, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀. Gbólóhùn tí mo kọ ni "Ẹ̀kọ́ tí ó níyì, tí ó sì ní ọ̀wọ̀." Ohun tí ó jáde ni "Eko ti o niyi, ti o si ni owo." Awakọ̀ ọ́fíìsì ni ó kọ́kọ́ kà á sókè: "Èkó tí ó níyì, tí ó sì ní owó." Ó ní òun kò mọ̀ pé yunifásítì náà ti ní ẹ̀ka ní Èkó. A rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì ni wọ́n wá irú lẹ́tà mìíràn. Gbogbo àlàyé tí mo ti ṣe lórí àkọtọ́ ọdún 1974 kò ṣe iṣẹ́ tí awakọ̀ yẹn ṣe.

Mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìpolówó ọjà gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú lítíréṣọ̀ alohùn wa. Àwọn àgbà ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí n kì í sọ ní kíláàsì, nítorí pé n kò rò ó rí. Obìnrin tí ń polówó àgbàdo sísè, igbá àgbàdo náà wà lórí rẹ̀. Bí a bá pè é, yóò sọ ọ́ kalẹ̀, a ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá sì tàn wá jẹ, ojú ọ̀nà kan náà ni yóò tún gbà kọjá lọ́la. Yunifásítì ń ta ọdún mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí. Ohùn nìkan ni òbí ń rà.

Ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fún mi láti fi ṣe ìpìlẹ̀ fi ọ̀rọ̀ kan tí ó fẹ̀ bí agbádá ṣàpèjúwe ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́: ó lè túmọ̀ sí pé yàrá wà, ó sì lè túmọ̀ sí pé yàrá wà fún ẹni tí ó bá tètè dé. Mo kọ́kọ́ kọ ọ́ báyìí pé, "Ilé ìgbé wà nínú ọgbà." Ó gbẹ létí. Mo ti kọ ìlà mẹ́ta tí ó dùn ṣáájú rẹ̀, mo sì fẹ́ kí ìlà kẹrin bá wọn mu. Ni mo bá yí i padà sí: "Ọmọ yín kò ní wá ilé kiri, ibùsùn rẹ̀ ti wà nílẹ̀." Ẹnikẹ́ni kò ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo kà á fún wọn, gbogbo ọ́fíìsì pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní kí èmi fúnra mi kà á lórí asọ̀rọ̀mágbèsì, nítorí pé ohùn mi jọ ti ẹni tí kì í purọ́. Wọ́n san N60,000 fún mi.

Ní oṣù Kọkànlá, ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kan wá bá mi ní ilé-ẹ̀kọ́. Ọwọ́ mi ni ọmọbìnrin rẹ̀ ti kọ́ Yorùbá títí ó fi ṣe ìdánwò àṣekágbá. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i. Mo rò pé ọpẹ́ ni ó wá dá.

"Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o," ni ó wí. "Ọmọ yín ti wọlé, ṣùgbọ́n wọ́n ní yàrá ti tán. Ọ̀dọ̀ ẹnìkan ni ó ń gbé nínú ìgboro, ọ̀kadà ni ó fi ń lọ tí ó fi ń bọ̀. Owó ọ̀kadà kò sí nínú ohun tí mo ṣírò."

Mo ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Bóyá ẹ kò tètè san owó ni."

"Ta ni ó sọ fún mi pé kí n tètè san án? Ẹ̀yin náà kọ́ ni mo gbọ́ lórí rédíò? Mo sọ fún bàbá rẹ̀ pé Tíṣà wa nìyẹn, wọn kò jẹ́ tàn wá. Ìgbà náà ni mo ta ọ̀kan nínú ẹ̀rọ méjì tí mo fi ń lọ ẹ̀lúbọ́."

Kò pariwo. Ìbá sàn fún mi bí ó bá pariwo.

Mo gba ọ́fíìsì náà lọ. Ọ̀gá ibẹ̀ fi ìwé Gẹ̀ẹ́sì hàn mí: agbẹjọ́rò yunifásítì ti kà á, àwọn aláṣẹ ti buwọ́ lù ú, kò sì sí ìlérí kankan nínú rẹ̀ tí ènìyàn lè dì mú. Mo béèrè ẹni tí ó ka ti Yorùbá kí ó tó jáde. Ó wò mí títí. "Ẹ̀yin ni, Tíṣà," ni ó wí.

Ó ti pẹ́ tí àwa olùkọ́ èdè ti ń ráhùn pé àwọn iléeṣẹ́ kì í lo èdè wa. Àwọn wọ̀nyí lò ó. Wọ́n fi ṣèlérí fún àwọn ìyá ọlọ́jà, wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì pamọ́ fún ohun tí wọn yóò dúró tì bí ọ̀ràn bá délé ẹjọ́. N kò lè dá wọn lẹ́bi tán, nítorí pé èmi ni mo fi adùn kún un. Ẹni tí ó ń ṣọ́ àmì ohùn lójú méjèèjì kò ṣọ́ ìtumọ̀.

Mo mú N30,000 lọ fún ìyá náà fún owó ọ̀kadà. Ó kà á, ó dì í sí etí ìró rẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì ní kí n lọ sọ fún wọn kí wọ́n má polówó bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n yọ gbólóhùn náà kúrò lórí asọ̀rọ̀mágbèsì. Èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri gáréèjì wà níbẹ̀ títí òjò ọdún tí ó tẹ̀lé e fi fọ̀ ọ́ lọ.

Ní ọdún 2023 wọ́n tún ránṣẹ́ pè mí. Mo ní n ó ṣe é bí wọ́n bá lè wá ẹlòmíràn tí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa láti kà á kí ó sì buwọ́ lù ú, wọ́n sì gbà. Nípa ilé ìgbé, ohun tí mo kọ ni pé, "Ibùsùn wà fún ẹni tí ó bá tètè san owó, ó sì lè tán." Ọ̀gá náà ní kò dùn létí. Mo ní mo mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ní kò burú.

Lọ́sẹ̀ kejì, mo gbọ́ ọ lórí asọ̀rọ̀mágbèsì nínú ọkọ̀ èrò. Wọ́n ti gé "ó sì lè tán" kúrò. Mo ní kí awakọ̀ já mi sílẹ̀, mo sọdá sí òdìkejì títì, mo sì wọ ọkọ̀ tí ń lọ sí yunifásítì náà.