Àpótí Alágádágodo Mẹ́ta

Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Nígbà tí mo ń lọ sí ilẹ̀ Jámánì ní ọdún 2004, ẹ̀ṣọ́ tí mo kó dání ni kámẹ́rà méjì, lẹ́ǹsì mẹ́ta àti fíìmù mẹ́rìnlá tí a kò tíì fọ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni mo yà sínú àwọn fíìmù náà ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi jókòó tì í: bí ó ti ń fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ láfún kọ ọnà sára aṣọ, bí ó ti ń ri aṣọ bọ inú ìkòkò aró, àti bí aró ti sọ ọwọ́ rẹ̀ di dúdú títí dé ìgúnpá. Ọ̀gá kan wà ní Jámánì tí ó mọ fíìmù dúdú òun funfun fọ̀ dáradára. Òun ni mo fẹ́ kó wọn fún.

Olè ni gbogbo ènìyàn fi dẹ́rù bà mí. Mo ra àpótí onírin, mo tẹ́ fóòmù sí inú rẹ̀, mo sì fi agádágodo mẹ́ta tì í. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo kó fíìmù sí, nínú àdìrẹ kan tí ìyá náà fún mi. Èyí tí mo gbé lọ́wọ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú ni gàrí àti ìwé kíkà! Bí mo bá rò ó nísinsìnyí, ńṣe ni àpótí náà ń ké tantan láàárín àwọn ẹrù yòókù pé owó ń bẹ nínú òun.

Nígbà tí mo fi máa gbà á, wọ́n ti gé agádágodo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lẹ́ǹsì tí ó gùn jù lọ sì ti bá wọn lọ. Mo ka fíìmù, mẹ́rìnlá pé. Mo dúpẹ́, mo ní olè náà kò mọ ohun tí ó níye lórí.

Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí ọ̀gá náà pè mí. Ó na fíìmù sí iwájú iná, ó sì fi ìka tọ́ ohun kan bí èéfín tí ó ń lọ kọ́lọkọ̀lọ láti orí àwòrán kan bọ́ sí òmíràn. Ó bi mí bóyá inú ẹrù tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi ni mo kó wọn sí. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé ìtànṣán ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹrù inú ikùn ọkọ̀ wò le ju ti ẹrù ọwọ́ lọ, àti pé ilé-iṣẹ́ Kodak ti kìlọ̀ nípa rẹ̀. (Irú ẹ̀rọ alágbára bẹ́ẹ̀ ti ń dé ibi ẹrù ọwọ́ náà báyìí, ẹni tí ó bá ṣì ń lo fíìmù, kí ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Kámẹ́rà òde òní kò bẹ̀rù ìtànṣán yìí, ṣùgbọ́n bátìrì lithium tí a mú dání fún ìpààrọ̀ kò gbọdọ̀ sí nínú ẹrù inú ikùn ọkọ̀, nítorí iná.)

N kò rí ẹni bú. Inú rédíò alákásẹ́ẹ̀tì kan, nínú àpótí aṣọ, ni wọ́n fi bọ́ǹbù pamọ́ sí ní ọdún 1988, tí ọkọ̀ òfuurufú fi já sí Lockerbie ní ilẹ̀ Scotland, tí ẹ̀mí 270 sì ṣòfò. Ẹni tí ó bá rántí èyí kò ní sọ pé kí wọ́n má yẹ ẹrù òun wò. Ojú ni alákàn fi í ṣọ́rí. Ojú tèmi, olè nìkan ni ó ń wò.

Ní ọdún 2006, mo padà sí Ìtòkú. Ìyá àgbà kò rẹ aṣọ mọ́. Ẹ̀yìn ríro kò jẹ́ kí ó lè bẹ̀rẹ̀ sí ìkòkò aró.

"Ọmọ mi, àwòrán mi dà?"

Mo mú èyí tí ó sàn díẹ̀ jáde. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó sì fi àtàǹpàkò, tí aró kò tíì kúrò ní èékánná rẹ̀, pa ibi tí èéfín náà gbà kọjá.

"Ibí yìí," ó ní, "aró kò mú un."